Ìdí Tí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ìjàpá Fi Ń Gbóná Jù, àti Bí A Ṣe Lè Wá A Rí

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n. Nítorí pé bí ọkọ̀ àtijọ́ kan bá ń gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò ni pé kí a tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, tàbí kí a ra òmíràn. Owó a lọ, ọjọ́ a lọ, ooru náà a sì tún padà wá, nítorí pé a kò wo ibi tí ó ti wá. Ooru àpọ̀jù kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àmì àrùn ni. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti ọ̀nà tí ó ń gbà jáde, tí ó sì ń wò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, yóò rí ìdí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí ó tó tú ohunkóhun nínú ẹ́ńjìnnì náà.

Ọkọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni Volkswagen kékeré nì tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rogodo. Ferdinand Porsche ni ó ṣe olórí àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1945, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní ìlú Wolfsburg. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá Èkó. Ní ọdún 2003 ni a ṣe Ìjàpá ìkẹyìn ní Puebla ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, nígbà tí gbogbo èyí tí a ti ṣe ti ju 21,000,000 lọ. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ àtijọ́ ni gbogbo wọn, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeré.

BÍ AFẸ́FẸ́ ṢE Ń TU Ẹ́ŃJÌNNÌ LÁRA

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, omi ni ó ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì lọ sínú rédíétọ̀. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò sì ní omi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, sílíńdà 4 ni ó sì ní: méjì dùbúlẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, méjì sí ọwọ́ òsì. Ara sílíńdà kọ̀ọ̀kan kò dán. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín yí i ká ní ìpele-ìpele, kí ara tí afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ sí lè pọ̀. Ìyẹ́ ni a ó máa pe àwọn irin wọ̀nyí.

Dáínámò wà ní òkè ẹ́ńjìnnì, fáànù sì wà ní ìdí dáínámò, tí ọ̀pá kan náà ń yí àwọn méjèèjì. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó so wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, bẹ́líìtì a yí dáínámò, dáínámò a yí fáànù, fáànù a sì fa afẹ́fẹ́ tútù láti ojú àwọn ihò tí ó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Yóò fẹ́ ẹ sínú àpótí páànù ńlá kan tí ó pín in sí ọ̀tún àti òsì. Láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ gba àárín ìyẹ́ kọjá, tí ó sì ń jáde lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ooru tí ó rù.

Òfin méjì ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Òfin kìn-ín-ní ni pé gbogbo afẹ́fẹ́ tí fáànù bá fẹ́ gbọ́dọ̀ gba àárín ìyẹ́, kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà sá lọ. Nítorí èyí ni a ṣe fi páànù bo ara ẹ́ńjìnnì yíká. Òfin kejì ni pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti jáde lábẹ́ kò gbọ́dọ̀ padà sókè kí fáànù tún fà á. Nítorí èyí ni a ṣe fi rọ́bà dí àlàfo tí ó wà láàárín páànù ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni páànù àti rọ́bà wọ̀nyí ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ́ìlì pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Lítà 2.5 péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà, ọ́ìlì kékeré yìí kan náà ni ó sì ń mú irin yọ̀, tí ó tún ń gbé ooru kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè dé. Ohun èlò kékeré kan wà nínú àpótí páànù tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kí afẹ́fẹ́ lè tù ú. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, òkè sílíńdà kẹta gan-an ni ohun èlò yìí dúró sí, tí ó ń dínà afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Nítorí náà ni sílíńdà kẹta ṣe máa ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. Nínú ọkọ̀ ti ọdún 1971 ni àwọn tí ó ń ṣe é gbé e bọ́ sẹ́yìn sínú ilé tirẹ̀, tí ara sì tu sílíńdà kẹta díẹ̀.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀

Kò sí aago lójú pátákó Ìjàpá tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Etí, imú àti ojú ni awakọ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Kí a sì tó sọ pé ó gbóná jù, kí a rántí pé gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ó ṣiṣẹ́ a máa gbóná. Bí a bá fi ọwọ́ kan páànù rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn tí ó sì jó wa, èyí kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Àwọn àmì tòótọ́ nìwọ̀nyí: bí agbára ọkọ̀ bá ń dín kù bí a ti ń gun òkè tí ó ti máa ń gùn wẹ́rẹ́, bí a bá ń gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, bí a bá pa kọ́kọ́rọ́ tán, tí ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ kú, tí ó ń tapa bí ẹran tí a dì mọ́lẹ̀, bí òórùn ọ́ìlì jíjó bá ń wọ inú ọkọ̀, àti bí iná kékeré ti ọ́ìlì bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ìrìn àjò.

Bí iná ọ́ìlì bá tàn nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, kí a dúró lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bí iná pupa ti dáínámò bá tàn lójijì, nítorí ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ni ó já. Bí bẹ́líìtì bá já, fáànù ti kú nìyẹn, kò sì sí afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n fi èyí dé ilé,” lè fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ san owó ọ̀nà. Orí sílíńdà, tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, a máa wú ju irin lọ nínú ooru; yóò fa bóòtù gígùn tí ó dè é mọ́lẹ̀ títí yóò fi hú u kúrò ní ìdí rẹ̀. Ìgbà náà ni títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó di dandan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe da omi sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítorí irin tí ó gbóná tí omi tútù bá kàn lójijì lè sán. Kí a ṣí ìdérí rẹ̀, kí a sì mú sùúrù.

ÌBÉÈRÈ ṢÁÁJÚ ÌWÒSÀN

Oníṣègùn rere a máa béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó fúnni ní oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe níhìn-ín. Nígbà wo ni ooru náà bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí a tún nǹkan kan ṣe ni, kí a kọ́kọ́ wo nǹkan náà. Ṣé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gbóná? Ó lè jẹ́ bẹ́líìtì, tàbí pé nǹkan dí ẹnu fáànù. Ṣé lẹ́yìn ìrìn jíjìn nìkan ni? Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí láàárín ìyẹ́ tàbí nínú ohun tí ń tu ọ́ìlì. Ṣé nígbà tí ó bá ru ẹrù wúwo tàbí tí ó ń gun òkè nìkan ni? Ó lè jẹ́ iná púlọ́ọ̀gì tàbí àdàlù bẹntiróòlù. Ṣé sílíńdà kan ṣoṣo ni ó ń jìyà? Ó lè jẹ́ fáàfù rẹ̀. Lẹ́yìn ìbéèrè wọ̀nyí, kí a wá máa wò ó láti orí èyí tí ó rọrùn lọ sí orí èyí tí ó ṣòro.

Èkínní, bẹ́líìtì. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì ní àárín. Bí ó bá wọlé ní nǹkan bí mílímítà 15, ó dára. Bí ó bá wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń yọ̀, fáànù kò sì yí tó. Bí ó bá le gan-an, yóò pa dáínámò. Kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì gùn lórí dáínámò ní abala méjì, wọ́ṣà pẹlẹbẹ sì wà láàárín wọn. Bí a bá yọ wọ́ṣà kan kúrò láàárín, bẹ́líìtì yóò le sí i. Bí a bá fi ọ̀kan kún un, yóò dẹ̀. Èyí tí a bá yọ, kí a tò ó sí ìta lábẹ́ nọ́ọ̀tù kí ó má baà sọnù. Kí a wò ó pẹ̀lú bóyá bẹ́líìtì ti ya, tàbí bóyá ọ́ìlì ti ta sí i.

Èkejì, ọ̀nà afẹ́fẹ́. Níhìn-ín ni kí a ti pẹ́ jù. Kí a wo ẹnu fáànù: àkísà tí a gbàgbé síbẹ̀, ewé gbígbẹ, tàbí ìtẹ́ eku ti dí ẹnu ọ̀pọ̀ fáànù rí. Kí a ka páànù ìbora lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ ti ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì, kí a mọ èyí tí kò sí ní ibẹ̀. Kí a wo rọ́bà yíká. Bí a bá lè rí ilẹ̀ láti òkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ibẹ̀ padà. Rọ́bà kéékèèké tí ó yí wáyà púlọ́ọ̀gì ká níbi tí ó ti wọ inú páànù pẹ̀lú ṣe pàtàkì, nítorí ihò 4 ni afẹ́fẹ́ lè bá sá lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìyẹ́. Bí ọ́ìlì bá ń jò, erukupẹ̀ ọ̀nà a lẹ̀ mọ́ ọn, a sì di bí amọ̀ tí a fi rẹ́ ògiri. Afẹ́fẹ́ kò lè gba inú amọ̀ kọjá. Kí a kọ́kọ́ dá jíjò náà dúró kí a tó fọ ìdọ̀tí náà kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a óò tún padà sídìí iṣẹ́ kan náà.

Nínú àpótí páànù ti àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí ń pa dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ó lè tètè móoru. Ohun kan lábẹ́ sílíńdà ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tẹ́mósítáàtì, ni ó ń ṣí wọn nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí dígírì 65 sí 70. Bí irin ilẹ̀kùn náà bá dípẹtà, tàbí tí ọ̀pá tí ń fà á bá wọ́, yóò wà ní pípadé nígbà tí ó yẹ kí ó ṣí. Àwọn kan a máa yọ wọ́n sọnù. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń darí afẹ́fẹ́ síbi tí ó yẹ, nítorí náà ó sàn kí a tún wọn ṣe, tàbí kí a dè wọ́n ní ṣíṣí.

Ẹ̀kẹta, ọ́ìlì. Kí a fa ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ yọ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Àmì méjì ni ó wà lórí rẹ̀; kí ọ́ìlì má ṣe wà lábẹ́ ti ìsàlẹ̀, kí ó má sì ṣe kọjá ti òkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọ́ìlì bá ti pọ̀ tó ni ó dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tí ó bá pọ̀ jù yóò máa hó, yóò sì máa wá ọ̀nà jáde. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ju asẹ́ irin kan lọ láti fi sẹ́ ìdọ̀tí, nítorí náà kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000, kí a sì fọ asẹ́ náà nígbà kan náà.

Ẹ̀kẹrin, iná púlọ́ọ̀gì. Bí iná bá ṣẹ́ ṣáájú àkókò rẹ̀, yóò lu písítìnì nígbà tí ó ṣì ń bọ̀. Ìró òkúta inú agolo nì nìyẹn. Bí ó bá pẹ́ jù, iná yóò máa jó lọ sí ẹnu fáàfù àti sàlẹ́ńsà. Ìpẹ́ jù àti ìyá jù, ooru ni àwọn méjèèjì ń bí. Kí a kọ́kọ́ wọn àlàfo kọ́ńtáàtì, tí í ṣe mílímítà 0.4, nítorí bí ó bá yí padà, àkókò iná yóò yí padà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni kí a tó ṣe àkókò iná gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ti ọdún náà ti wí, nítorí gbogbo ọdún kò rí bákan náà.

Ẹ̀karùn-ún, àdàlù bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́. Bí bẹntiróòlù bá kéré jù fún afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé, ooru yóò pọ̀. Kí a yọ púlọ́ọ̀gì 4, kí a tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Bí ẹnu wọn bá pọ́n bí awọ tí a sè, ó dára. Bí ó bá funfun bí ẹfun, bẹntiróòlù kò tó. Bí ó bá dúdú bí èédú gbígbẹ, ó pọ̀ jù. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń wọ inú sílíńdà náà. Bí gbogbo wọn bá funfun, kí a wo ìdọ̀tí nínú kábúrétọ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan ni, afẹ́fẹ́ ń jí wọlé ní oríkèé ọ̀nà bẹntiróòlù ti ẹ̀gbẹ́ náà. Kí a fi omi ọṣẹ pa oríkèé náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí ìró rẹ̀ bá yí padà, a ti mú olè náà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ òórùn bẹntiróòlù, tàbí tí a rí rọ́bà bẹntiróòlù tí ó ti sán, kí a pa ẹ́ńjìnnì kíá, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó ṣe ohun mìíràn; iná ti jó ọ̀pọ̀ Ìjàpá láti ibẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, fáàfù. Àlàfo díẹ̀ wà láàárín fáàfù àti irin tí ń tì í. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí, mílímítà 0.15 ni, ti àwọn àtijọ́ kan kéré sí i. Òwúrọ̀ ni kí a wọ̀n ọ́n, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sùn mọ́jú tí ó sì tutù pátápátá. Bí àlàfo bá tán, fáàfù kò ní lè pa dé dáadáa mọ́, kò sì ní rí ibi gbé ooru rẹ̀ sí, yóò jó. Kí a yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí a sì fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan yóò ta kò wá bí ó ti kàn án. Èyí tí kò bá ta kò wá ni ó ti ń jò. Bí àlàfo fáàfù kan bá ń dín kù léraléra lẹ́yìn tí a ti tún un ṣe, fáàfù náà ti ń fà gùn, ó sì ku díẹ̀ kí ó ṣẹ́. Kí a má ṣe fi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin ìrìn àjò.

Kí a má sì gbàgbé pé ẹ̀bi lè wà lẹ́yìn òde ẹ́ńjìnnì. Bí bíréèkì bá ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì. Kí a fi ọwọ́ ti ọkọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí kò bá fẹ́ lọ, ibẹ̀ ni kí a wò.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ká ní olùkọ́ kan gbé Ìjàpá rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì láti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Dandan ni kí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí a tó lè ṣe èyí. Ọkọ̀ dé ilé, ó ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbóná lójú ọ̀nà jíjìn. Ẹnì kan ní kí ó ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, ẹnì kejì ní kí ó ra ọ́ìlì tí ó nípọn. Bí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn, owó oṣù mélòó ni yóò bá a lọ? Ṣùgbọ́n bí ó bá bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Nígbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?” yóò rántí pé a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Yóò ṣí ìdérí, yóò wo rọ́bà yíká, yóò sì rí i pé a kò dá a padà sí àyè rẹ̀, tàbí pé páànù kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó fẹ́ gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí a má ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá pààrọ̀ bẹ́líìtì, tí a tún àkókò iná ṣe, tí a sì fọ kábúrétọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ooru sì lọ, a kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn. Bí ó bá sì tún padà dé, a óò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ èyí nínú iṣẹ́ tiwa pẹ̀lú: ọmọ tí kò mọ ìṣirò lè jẹ́ ẹni tí kò rí ojú pátákó, tàbí ẹni tí kò jẹun kí ó tó wá, pàṣán kì í sì í ṣe ìwòsàn fún ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kí ẹni tí ó ní Ìjàpá fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀, kí ó kọ ọjọ́, ohun tí ó rí, àti ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà sínú rẹ̀. Ìwé náà yóò gbà á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìnáwó.